Pálọ̀ Ìyá Aránṣọ Létí Òkun

Ẹni tó bá ní kí Ìyá Aránṣọ kó kúrò nílé, àfi bí ẹni tó ní kí ìgbín bọ́ ìkarahun rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti ń rákò ló ti ń ránṣọ nínú ilé alájà kan náà. Yàrá ojú títì ni ṣọ́ọ̀bù, yàrá ẹ̀yìn ló ń sùn sí, kò sì sí ọmọ ilé-ìwé tàbí aláboyún ládùúgbò tí kò tíì wọ aṣọ tó ti abẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ jáde. Àfi bí onílé ṣe kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé náà fún àwọn tó fẹ́ wó o kí wọ́n fi kọ́ báńkì. Kó tó di pé oṣù yẹn parí, wọ́n ti ní kí gbogbo ayálégbé palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ọmọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, ní kò sí wàhálà, kí Màmá máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó kun yàrá ẹ̀yìn ilé tirẹ̀, ó gbé bẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, ó ní kí Màmá wá sinmi. Ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn gan-an ni kò bá Màmá lára mu. Lójú tirẹ̀, ẹni tí wọ́n bá gbé sí yàrá ẹ̀yìn pé kó máa sinmi, ó kù díẹ̀ kí wọ́n máa nu eruku ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń nu ti kọ́bọ́ọ̀dù.

Ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Wọn ò jà rí o. Tíṣà ni ìyàwó yẹn, ọmọ tó mọ̀wàá hù. Á ní, “Ẹ káàárọ̀, Màmá, ṣé ẹ sùn dáadáa?” Màmá á ní, “A dúpẹ́, Ìyàwó.” Ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́ ni àwọn méjèèjì ń bá ara wọn lò.

Nígbà tí ọjọ́ kíkó ẹrù pé, ọmọ rẹ̀ háyà ọkọ̀ akẹ́rù kan. Mo-Mọ̀nà ni gbogbo ayé ń pe awakọ̀ náà, nítorí pé láti ìgbà tó ti ń wakọ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà rí. Ọmọ Màmá dárúkọ òpópónà tí ilé òun wà fún un, ó sì gun ọ̀kadà ṣíwájú láti lọ ṣílẹ̀kùn dè wọ́n. Ẹrù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán nígbà tí Màmá gun ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ láti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, torí kò fọkàn tán ọwọ́ àwọn alágbàṣe. Ìyàwó, tó ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ láti wá bá wọn palẹ̀ ẹrù, tẹ̀lé e pé kí òun bá a fokùn dì í. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n lóṣòó sí tí wọ́n ń di okùn nígbà tí ilẹ̀kùn irin dún gbàmù. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lójú, ọkọ̀ sì gbéra.

Wọ́n lu irin títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Ta ni yóò gbọ́? Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn ń bú ramúramù bíi kìnnìún tí ikọ́ ń ṣe. Fóònù Ìyàwó wà nínú báàgì rẹ̀, báàgì sì wà nísàlẹ̀ gbogbo ẹrù. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n fọwọ́ wá àga gbọọrọ inú pálọ̀ kàn, wọ́n jókòó sórí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọrí sọ́tùn-ún, Ìyàwó á wó lu Màmá. Bó bá kọrí sósì, Màmá á wó lu Ìyàwó. Ìrọ̀rí kan ń já bọ́ lé wọn lórí láti ibì kan ṣáá.

“Màmá,” Ìyàwó sọ nígbà tó pẹ́, “ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí.”

“Ti kí ni, Màmá?”

Bóyá òkùnkùn ló tú Màmá lẹ́nu, òun náà ò mọ̀. “Ti ilé yín,” ló wí.

Màmá ti ń kábàámọ̀ ohun tó sọ nígbà tó gbọ́ ohùn Ìyàwó jẹ́jẹ́. “Èmi náà ti ń bẹ̀rù bíbọ̀ yín. Mo ti fọ ilé yẹn débi pé ọ̀dà ti ń ṣí lára ògiri.”

Màmá kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín náà kọ̀, ó gba imú jáde. Ìyàwó gbọ́ ọ, òun náà bú sẹ́rìn-ín, làwọn méjèèjì bá ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn títí omi fi ń dà lójú wọn. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá ń jáde bí ìgbà tí àpò ìrẹsì bá jò. Ìyàwó ròyìn bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ̀ láti jẹ gbogbo ọbẹ̀ tí kò bá ti rí bíi ti Màmá. Màmá jẹ́wọ́ pé òun gan-an kì í fẹ́ràn ọbẹ̀ yẹn, pé àìsí ohun mìíràn nílé ló jẹ́ kí òun máa sè é nígbà náà.

Wọn ò mọ iye ìgbà tó kọjá kí ọkọ̀ tó dúró. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n àwọn ò dúró. Ilẹ̀ ń fì lábẹ́ wọn jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ìyá ń rẹ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn. Ìmọ́lẹ̀ ya wọlé. Omi lọ́tùn-ún, omi lósì, omi títí dé ibi tí ojú ò lè rí mọ́. Orí pọ́ńtù ńlá tó ń kó mọ́tò kọjá òkun ni wọ́n wà.

Màmá ò rí òkun rí láyé rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù, afẹ́fẹ́ tú gèlè orí rẹ̀, kò sì rántí láti tún un wé.

Mo-Mọ̀nà ń jẹ búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin etí pọ́ńtù nígbà tó rí wọn. Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ọkọ̀ òun. Màmá náà bi í léèrè ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣe lórí omi. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ wò, wọ́n rí i pé òpópónà méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀kan wà nínú ìlú, níbi tí ọmọ Màmá ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èkejì wà ní erékùṣù tó wà níwájú wọn yìí. Èyí tí Mo-Mọ̀nà mọ̀ nìyẹn. Pọ́ńtù kankan kò sì ní í padà sí ìlú títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bùúté, àjálù kejì dé. Sípíríǹgì ọkọ̀ kán. Mẹkáníìkì erékùṣù náà wò ó, ó ní àfi kí wọ́n kó gbogbo ẹrù sílẹ̀ kí òun tó lè gbé ọkọ̀ sókè. Báyìí ni wọ́n ṣe kó ilé Màmá látòkè délẹ̀ sí ilẹ̀ gbalasa kan létí òkun. Nígbà tí báàgì jáde, Ìyàwó pe ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà pariwo débi pé Mo-Mọ̀nà gbọ́ ọ láti ibi tó dúró sí. Ìyàwó fara balẹ̀ ṣàlàyé, ó ní kó lọ mú àwọn ọmọ nílé-ìwé, kó sì se oúnjẹ tó bá wù ú.

Màmá wo ẹrù rẹ̀ tó wà káàkiri lórí iyanrìn, ojú tì í bí ẹni tí àlejò bá nílé ìdọ̀tí. Kò lè mú un mọ́ra. Ó ní kí Ìyàwó bá òun di etí kápẹ́ẹ̀tì mú. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n gbé àga gbọọrọ sí i, wọ́n gbé tábìlì sáàárín, Ìyàwó sì fi dígí kọ́ igi kan lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán gangan, pálọ̀ ti délẹ̀. Ògiri nìkan ni kò sí.

Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá wòran. Ohun tó dùn mọ́ Màmá nínú jù ni pé kò sẹ́ni tó já wọlé lójijì. Ibi tó yẹ kí ilẹ̀kùn wà ni oníkálukú ń dúró sí tó ń kágò. Baba arúgbó kan tiẹ̀ nu ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kó tó tẹ kápẹ́ẹ̀tì. Obìnrin oníbúrẹ́dì tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà gbé tíì gbígbóná wá, òun náà jókòó.

Nígbà náà ni atukọ̀ kan rí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìjì ti fa ìbòrí ọkọ̀ rẹ̀ ya, ó sì ṣàlàyé pé aránṣọ kan ṣoṣo tó wà ní erékùṣù náà ti bá ọmọ lọ sókè òkun láti ọdún tó kọjá. Màmá ní kó gbé e wá. Ó bọ́ sídìí ẹ̀rọ, ó rán ìbòrí náà gbẹ́kẹ́gbẹ́kẹ́, pẹ̀lú òkun níwájú rẹ̀ àti oòrùn lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó rán an tán, ẹnì kan ti mú ṣòkòtò dé, ẹlòmíràn mú aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Ìyàwó ń gba aṣọ lọ́wọ́ wọn, ó ń fi okùn wọn ìbàdí àwọn ènìyàn, ó sì ń bá wọn jiyàn bí ẹni tí wọ́n bí sínú ṣọ́ọ̀bù.

Oníbúrẹ́dì ti ń wò wọ́n tipẹ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò òun, yàrá kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi. Ó ní òun ò wá ju ayálégbé tí kì í jà lọ.

Màmá wo Ìyàwó, ó rò pé òun á rí ìtura lójú rẹ̀. Ohun tó rí kọ́ nìyẹn.

“Màmá, ṣé kì í ṣe nítorí tèmi lẹ fi fẹ́ dúró?”

“Rárá, ọmọ mi. Nítorí tèmi ni.”

Ilé Oníbúrẹ́dì ni wọ́n sùn. Ọmọ Màmá bá pọ́ńtù àkọ́kọ́ dé láàárọ̀, ó yí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bá ìyá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tuntun náà, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu àti oníbàárà níwájú. Ó rojọ́ títí. Ó ní kí ni ayé á wí, pé òun lé ìyá òun wọnú òkun? Màmá jẹ́ kó rò ó tán, nítorí ẹni tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu kì í jiyàn. Ìyàwó ló bá a fèsì.

“Dádì, ẹ wojú Màmá. Ìgbà wo lẹ ti rí i báyìí kẹ́yìn?”

Ọkùnrin náà wò ó. Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí, tó béèrè bóyá búrẹ́dì tó ń ta sánsán yẹn wà fún títà. Wọ́n fẹnu kò pé kí Màmá gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù kan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún dárúkọ oṣù yẹn mọ́.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, Ìyàwó kó àwọn ọmọ wá. Màmá ti dúdú sí i, ó ti ní ọmọbìnrin méjì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi ń rìn káàkiri. Kò jẹ́ kí wọ́n sinmi rárá. Ó kó wọn lọ sétí omi, sídìí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó yá lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì mú àjẹ̀ lọ́wọ́. Ìyàwó bi í léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Màmá nawọ́ sí ilẹ̀ kékeré kan tó rí bí àmì lókèèrè. Ó ní òun náà ò tíì débẹ̀ rí, ìdí tí àwọn fi ń lọ nìyẹn, kí ẹnì kan bá òun ti ọkọ̀ kúrò nínú iyanrìn.