Òjé Lábẹ́ Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Orí tábìlì ni ìyàwó tu òjé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lẹ́nu rẹ̀ sí, kò-kò-kò, lójú gbogbo wọn. Àwọn obìnrin tó ń hun àwọ̀n dáwọ́ dúró. Díẹ̀ ló kù kí ọ̀kan gbé ti ẹnu tirẹ̀ mì.

"Ìyàwó, kí lo ṣe yẹn?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bi í, òun náà sì ni ọ̀gá wọn. Òjé mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òun alára bó ti ń sọ̀rọ̀. Bó ṣe kọ́ gbogbo wọn níyẹn: kó òjé tí yóò fa àwọ̀n wọ inú omi sẹ́nu, kí ọwọ́ méjèèjì ráyè so okùn, kí o wá fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí àwọ̀n. Ẹnu lọwọ́ kẹta, ó máa ń wí.

"Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, Màmá. Òjé ti pọ̀ jù níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ó máa ń ba oyún jẹ́."

Màmá yínmú. "Nọ́ọ̀sì ti hun àwọ̀n rí? Ẹni tí oyún ò dúró sí nínú ló fẹ́ kọ́ wa níṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Oyún mẹ́ta ló ti bàjẹ́ lára rẹ̀, ó sì ti bẹ̀bẹ̀ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni tó jalè. Ṣùgbọ́n ìkẹrin ti pé oṣù méjì. Ewúrẹ́ tí a bá lé kan ògiri, yóò bunijẹ.

"Mi ò kó o sẹ́nu mọ́." Ó yọ ẹ̀mú kékeré kan nínú báàgì rẹ̀. "Èyí ni n ó fi máa tẹ̀ ẹ́. Tó bá falẹ̀, kó falẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ lé mi. Ọmọ yìí ò ní bá àwọn yòókù lọ."

"Èmi ńkọ́? Láti kékeré ni mo ti ń kó o sẹ́nu. Kí ló ṣe mí?"

Ó yẹ kí ìyàwó dákẹ́. Kò dákẹ́.

"Màmá, oyún mélòó ló bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó bí ọkọ mi?"

Ọmọ kan ṣoṣo ni Màmá bí láyé, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bi í rí. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn létí àwọ̀n, láti ojú kan bọ́ sí òmíràn, bí ẹni tó ń ka nǹkan. Ní ojú karùn-ún, ó dúró.

"Ìyá ọkọ tèmi ní ilé ọmọ mi ni ò dáa," ó wí jẹ́jẹ́.

Ó tu òjé mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ kejì.

"Mú ẹ̀mú yẹn wá."

"Ẹ kọ́kọ́ lọ ṣan ẹnu yín ná, Màmá."

Màmá dìde, ó sì lọ.