Àga Tí Mo Fi Ṣòkòtò Wọ̀n

Gbogbo ayé ọkọ mi ló fi kan àga fún ẹlòmíràn, àmọ́ orí àga rọ́bà làwa ń jókòó sí nílé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní iṣẹ́ oníbàárà ló ṣáájú. Mo bá a jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú mi.

Nígbà tí àìsàn wá dá a gúnlẹ̀, tí dókítà ní ká máa gbé e lọ sílé, pé ẹ̀pa ò bóró mọ́, àga rọ́bà ò gbà á mọ́. Bá a bá gbé e sí i, ṣe ló ń yọ̀ ṣubú. Ó wá ń dùbúlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kan ló ní, "Ìyá Ìbejì, mi ò bẹ̀bẹ̀ pé kí n yè. Mo kàn fẹ́ jókòó lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n rí àwọn tó ń kọjá. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé àjà ni màá máa wò títí màá fi lọ."

Mo ní màá kan àga fún un, àga onápá tí ò ní jẹ́ kó ṣubú.

Aránṣọ ni mí o. Eku nìkan ni mo fi òòlù pa rí. Wẹ́dà tó wà lójúlé kejì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ìyá Ìbejì, ṣé abẹ́rẹ́ lẹ máa fi rán pákó náà ni? Ẹ jẹ́ kí n jó àga irin fún Bàbá."

Ọkọ mi gbọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì. "Sọ fún un pé mi ò tíì di géètì."

Igi wà nílẹ̀. Àgékù igi líle kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa, èyí tó kù nígbà tó ṣe ilẹ̀kùn ńlá kan, igi pupa tó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ fi dáná. "Má fọwọ́ kàn án," á ní, "màá fi ṣe nǹkan." Nǹkan náà rèé.

Ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, ni mo ti ṣiṣẹ́. Ìṣó àkọ́kọ́ tẹ̀, ìkejì náà tẹ̀. Kò rí mi, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò ṣàìsàn. "Lu ihò fún ìṣó kó o tó kàn án. Igi yẹn kì í gba ipá." Bí ayùn bá há, á ní, "Ò ń bá a jà. Rọra." Ọwọ́ mi bó. Mo bú igi, mo bú ẹni tó gbìn ín. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nínú ilé, mi ò sì fẹ́ kó dákẹ́.

Nígbà tí mo fẹ́ gé ibi ìjókòó, ó béèrè pé, "Ṣé o ti wọ̀n?"

"Mo ti wọ̀n."

"Ara ẹni tó máa jókòó la fi ń wọn àga o."

"Mo ní mo ti wọ̀n, Bàbá Ìbejì. Ṣé èmi lẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn èèyàn?"

Òótọ́ ni pé mo wọ̀n. Ṣòkòtò rẹ̀ ni mo wọ̀n, èyí tí mo rán fún un nígbà ìgbéyàwó àwọn ọmọ wa. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo na tépù láti ìbàdí dé ìbàdí. Mo tún fi àlékún sí i bí àwa aránṣọ ṣe máa ń ṣe, torí ara èèyàn lè sanra lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ọkọ mi wà nínú yàrá, kò jìnnà. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, mo mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ọṣẹ àti kànìnkànìn ò ní nọ́ńbà. Tépù ló ní, ẹ̀rù nọ́ńbà yẹn ló bà mí.

Nígbà tí gọ́ọ̀mù tí mo fi lẹ àwọn igi náà pọ̀ gbẹ, èmi àti wẹ́dà gbé àga dé ẹnu ọ̀nà, a gbé ọkọ mi jókòó sórí ẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àga dúró gbọn-in. Wẹ́dà ní, "Ìyá Ìbejì, mo túúbá." Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Ọkọ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sápá ọ̀tún. A ki ìrọ̀rí bọ̀ ọ́. Ó rọ̀ sápá òsì, a tún ki òmíràn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ọkọ mi dà bí ọmọ tí wọ́n gbé sórí àga bàbá rẹ̀. Ó fọwọ́ pa ojú ibi tí igi ti so pọ̀. "Èyí dáa," ó ní. Ó wá fi ọwọ́ wá apá àga, kò tó o.

"Ara ta lo wọ̀n?"

Mo wá irọ́ tì. "Ṣòkòtò ìgbéyàwó yẹn."

Ó wo ojú títì díẹ̀. "Ọkùnrin yẹn sanra o." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ gbé mi wọlé, ẹ̀yìn ń dùn mí."

Wẹ́dà ní ká kàn dín in kù. Ìyẹn rọrùn lẹ́nu. Aṣọ ni wọ́n ń tú ojú-rírán rẹ̀. Àga tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ lára rẹ̀, ayùn ló kù, kéèyàn sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sílé ìdáná, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo mú tépù lọ bá a. Ó rọra gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè bí àwọn oníbàárà mi ṣe máa ń ṣe. Mo na tépù yí i ká, mo ka nọ́ńbà náà, mo tún un kà. Irú èyí tí mo fi ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọléèwé ni.

"Ó jẹ́ mélòó?"

Mo sọ fún un. Ó mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Bó o bá ń gé e," ó ní, "má fi àlékún sí i."