Ojú Òsì Yusrah

Ọmọlángidi méjìlá ló wà lára ògiri tí mo ṣe lẹ́bàá títì ní Peckham, nílùú òyìnbó, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ olójú kan. Ẹni tó bá ń wá ẹni tó fọ́ ọ lójú, èmi Mìsítúrà ni.

Ọ̀rẹ́ mi ará Mẹ́síkò, tí a jọ ń tọ́jú aláìsàn ní Camberwell, ló kọ́kọ́ fún mi ní irú ọmọlángidi yìí. Bébà ni wọ́n fi ṣe é, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, wọ́n sì kọ orúkọ sí i láyà. Ọ̀rẹ́ mi padà sílùú rẹ̀. Ọmọlángidi náà ló kù tí mò ń bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èérún táìlì to irú rẹ̀ sára ògiri, mò ń kọ orúkọ àwọn ará àdúgbò sí wọn láyà. Òfin kan ni mo ṣe: ẹni tó ni orúkọ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ èérún ojú òsì mọ́ sìmẹ́ńtì tútù.

Ìkejìlá, Yusrah ni mo kọ sí i. Ọmọ mi ni. Catford ló ń gbé, bọ́ọ̀sì kan péré, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin rèé tí kò wá sílé mi, torí pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Levi ọkọ rẹ̀, mo sì kọ̀ láti lọ síbi ìgbéyàwó wọn. Wọ́n ní àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Èmi bínú, ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí náà lọ. Mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i: "Sátidé, aago méjì. Wá tẹ ojú ẹ."

Aago méjì kọjá. Aládùúgbò mi kan tó ń jẹ́ Kánsọ́lá ló kọ́kọ́ rí i níbùdókọ̀ òdìkejì títì.

"Mummy, Yusrah nìyẹn now. Ẹ lọ bá a, cement yẹn ti ń gbẹ o."

"Ṣé èmi ni mo máa lọ bá ọmọ? Ọmọ ló ń wá bá ìyá."

Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló jẹ́ kó kọjá. Ó ń wò mí, mò ń wò ó. Mò ń nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ò gbéra.

Nígbà tó yá, mo ju kànìnkànìn sílẹ̀, mo mú ojú náà dání, mo fẹ́ sọdá. Bọ́ọ̀sì kẹrin dúró sáàárín wa. Nígbà tó lọ, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́.

Mo padà síbi ògiri, mo tẹ ojú náà. Sìmẹ́ńtì ti gbẹ. Ojú já bọ́ sílẹ̀.

"Mummy, superglue wà nílé mi."

Mo ní rárá.

Inú pọ́ọ̀sì mi ni ojú náà wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì tí àwa arúgbó fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ní káàdì yẹn. Mi ò lò ó dé Catford rí.