Inú Ẹnu Ìyá Mi

Kí n tó sùn lọ́sàn-án àná, mo lọ tábà pọ̀ mọ́ kán-ún, mo sì dà á sínú agolo aṣáà ìyá mi. Dókítà ti ní kí wọ́n má fi aṣáà sábẹ́ ètè mọ́ nítorí egbò ẹnu wọn tí kò jinná, ṣùgbọ́n ìyá mi bẹ̀ mí, n kò sì lè kọ̀.

Mo wá lálàá pé dókítà ní kí ìyá mi lanu, ẹnu náà sì fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà ilé. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Àwọn ìyá àgbà ilé wa àtijọ́ jókòó sórí eyín bí ẹni jókòó sórí àpótí, aṣáà wà lábẹ́ ètè gbogbo wọn, wọ́n sì na àtẹ́lẹwọ́ sí mi.

"Tèmi kéré, ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá ìyá mi wí.

Mo ń bù ú fún wọn, agolo kò tán. Egbò náà wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó ẹní, mo sì ń rọra yà fún un.

Dókítà yọjú láàárín ètè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ń lọ aṣáà yìí fún màmá yín?"

Mo ní n kò mọ̀, agolo sì wà lọ́wọ́ mi.

Ahọ́n tí mo dúró lé mì, mo gbọ́ ohùn ìyá mi kí n tó jí: "Dókítà, ẹ má da ọmọ mi láàmú. Èmi ni mo ń lọ̀ ọ́ fúnra mi."