Ìyàwó Tí Kì Í Kúnlẹ̀ Mọ́

Ilẹ̀ pálọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá Kúnbi, ó pé oṣù mẹ́ta lónìí tí orúnkún ìyàwó yín ti kàn mí gbẹ̀yìn." Ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tó ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ya Ìyá Kúnbi lẹ́nu. Ó ní òun náà ti ń kà á. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí tìmùtìmù kí ilẹ̀ má baà tún rí nǹkan sọ.

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí omi. Ẹbí ti pé jọ. Bọ̀dá Lálékan, olórí ẹbí, jókòó sí ìdí fèrèsé. Kúnbi, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Kúnbi bí, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ìwé ni. Ọ̀rọ̀ tó kó wọn jọ kò ju ẹyọ kan lọ: Pélọ́lá, ìyàwó Kúnbi, kì í kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́. Bí Ìyá Kúnbi bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò fẹ́ ẹ nílé mọ́, wọn yóò mú un padà fún bàbá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹrù rẹ̀ tilẹ̀ ti ń di ara rẹ̀ nínú yàrá. Gbogbo wọn ń gbọ́ bí ìró àti bùbá ṣe ń ká ara wọn.

Ìyá Kúnbi ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti fi òróró kan àtẹ́rígbà, ó ti bá ẹ̀mí ìgbéraga wí títí ohùn rẹ̀ fi há. Nílé wọn, ìyàwó a kúnlẹ̀ láàárọ̀, ìyá ọkọ a sì kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá kó tó dìde. Ẹni tí kò kúnlẹ̀, kí ni wọn yóò kì? Gbogbo oríkì tí kò kì láti oṣù mẹ́ta yẹn ti ṣẹ́jọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì. Wọ́n le koko, wọ́n sì ń kàn án léyín.

Pélọ́lá wọlé. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ káàsán, ẹ̀yin bàbá wa." Ó tẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ẹ ò rí nǹkan?" Bọ̀dá Lálékan pàtẹ́wọ́. "Àbí ọmọ odó ló gbé mì ni?"

Ẹbí rẹ́rìn-ín.

"Ó ń dùn mí ni, sà."

"Ó ń dùn ọ́! Lọ́jọ́ Ìsinmi, ta ló jó dé iwájú pẹpẹ? Àbí orúnkún àyálò lo gbé lọ?"

"Èmi ni, sà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó fi mí sílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mi ò lè dìde lórí ibùsùn."

"Ẹ ṣeun o. Ìrora tó mọ kàlẹ́ńdà!"

Wọ́n tún rín in. Kúnbi kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbé ojú kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Àpò ìwé ilé ìwòsàn tó wà lórí tábìlì ṣí ara rẹ̀. Fọ́tò ẹ́síréè dìde nínú rẹ̀, dúdú, ó ń dán. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Mo wo egungun rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Mi ò rí ohun tó kán, mi ò rí ohun tó yẹ̀." Ẹbí hó yèè. Ẹ́síréè dúró kí ariwo rọlẹ̀. "Egungun nìkan ni mo lójú láti rí," ló wí, ó sì padà sínú àpò. Orúkọ àìsàn Pélọ́lá, tí dókítà kọ sínú ìwé kékeré kan, faibiromayájíà, àìsàn tí í mú kí gbogbo ara máa dunni láìsí egungun tó kán, ń gbìyànjú láti jáde tẹ̀lé e. Ó gùn ju ẹnu àpò lọ, ó há síbẹ̀, ó ń mí gúlegúle.

Pálọ̀ náà ti gùn tó ọ̀nà oko. Láti ìpẹ̀kun rẹ̀ ni Bàbá Kúnbi ti ń bọ̀, ẹni tó ti kú láti ọdún mẹ́jọ. Aṣọ funfun tí wọ́n fi sin ín ló wọ̀, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò léjìká. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Ìyá Kúnbi kúnlẹ̀ kíákíá. Pélọ́lá nìkan ló wà lóòró. Bàbá Kúnbi fi gbogbo wọn sílẹ̀, ó lọ bá a, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

"Àjíún, ọmọ afínjú tí í fi ẹ̀rín ṣílẹ̀kùn,
ọmọ ẹni tó lọ sódò tí omi dìde kí i.
O kú ara ríro, o kú ìfaradà."

"Bàbá Kúnbi," ni Ìyá Kúnbi wí láti ilẹ̀, "kò kúnlẹ̀."

"Mo rí i. Ìwọ ni o kò rí i. Bọ́ ara tìrẹ, kí o wọ tirẹ̀ wò."

Pélọ́lá bọ́ ara rẹ̀ bí ẹni bọ́ bùbá. Ó fi kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, òun fúnra rẹ̀ sì lọ jókòó sójú fèrèsé, ó fúyẹ́, ó ń mi ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìyá Kúnbi bọ́ ara tirẹ̀ sílẹ̀ lórí àga, ó sì wọ ara náà. Ó fún un díẹ̀ ní apá.

Bíi pé wọ́n ti kọ́kọ́ gún un nínú odó ni. Ọrùn, èjìká, ìgbáròkó, orúnkún, títí dé ọmọ ìka tó kéré jù, kò síbi tó fi ọkàn sí tí kò dá a lóhùn. Aṣọ tó kan ẹ̀yìn rẹ̀ ń gún un bí ẹ̀gún. Afẹ́fẹ́ fáànù ń gbá a létí. Oorun wà nínú ara náà, ó rí i ní igun kan, ṣùgbọ́n òòró ni oorun náà dúró sí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀. Ó wá orúkọ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo nínú orí náà, kùrukùru ló bá níbẹ̀.

"Ìyàwó, kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà," ni Bọ̀dá Lálékan wí.

Ìyá Kúnbi rí i pé òun ló ń bá wí. "Bọ̀dá Lálékan, èmi ni. Ìyá Kúnbi ni."

"Ẹ wá gbọ́ o! Ó ti di ìyá ọkọ ara rẹ̀!"

Ó yíjú sí ibi tó ti jókòó tẹ́lẹ̀. Ìyá Kúnbi kan wà níbẹ̀, gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó mọ obìnrin náà. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta to ọ̀rọ̀ náà: Ẹ bá mi mú un padà, ilé mi kò gba agbéraga. Ẹ̀rù bà á. Ó gbàdúrà nínú ara àyálò náà, ó ní, "Olúwa, ìwọ tí mo bẹ̀ pé kí o la ẹnu obìnrin yẹn, jọ̀wọ́, pa á dé."

Ẹrù ti dì tán. Ó rìn jáde nínú yàrá, ó tò sí ìta, ó ń dúró.

Ẹ̀bẹ̀ ló kù. Ṣùgbọ́n nílé wọn, obìnrin kì í bẹ̀bẹ̀ lóòró. Ó ní kí orúnkún tẹ̀. Orúnkún ọ̀tún tẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, iná sì gba inú rẹ̀ dé àtàrí. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ló wí lóòró, ó sì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dún létí obìnrin tó wà lórí àga. Ó dún bí ìgbéraga.

Kúnbi ló dìde. Ó rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì bí obìnrin.

"Kúnbi! Dọ̀bálẹ̀ ni tọkùnrin!"

"Kì í ṣe tèmi ni mo ń kí, Bọ̀dá. Tirẹ̀ ni mo ń bá a kí."

Obìnrin orí àga wo ọkùnrin tó kúnlẹ̀ náà pẹ́. Ó la ẹnu. Gbogbo ẹbí tẹ̀ síwájú láti gbọ́.

"Níbo ló ń dùn ọ́?"

Kò sẹ́ni tó tíì bi ara náà bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Kúnbi gbé ọwọ́ láti fi hàn án. Ó tọ́ka sí ọrùn, ó tọ́ka sí ẹ̀yìn, ọwọ́ náà kò sì dúró. Ó tọ́ka sí ògiri, sí àjà, sí igi ìbẹ́pẹ tó wà níta, sí Bọ̀dá Lálékan. Ibi gbogbo tó tọ́ka sí ń kérora díẹ̀. Bọ̀dá Lálékan náà kérora, ó di ìhà rẹ̀ mú, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíràn ni.

Obìnrin náà dìde. Ó gbé àga rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e wá sí ẹnu ilẹ̀kùn.

"Jókòó kí mi," ló wí.

Ìyá Kúnbi jókòó. Ìrora náà kò lọ, kò tilẹ̀ dín. Ó la ẹnu láti kí ìyá ọkọ rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, àga náà gbóná, ó sì mí kanlẹ̀, bí ẹran ńlá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn.