Òfin Abíyá

Ó ti rẹ̀ mí. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ tí mo lọ jókòó níwájú ìgbìmọ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn ná. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń fọn fèrè lórí pápá rọ́gbì, eré tí ọkùnrin mẹ́tàlá máa ń gbé bọ́ọ̀lù há abíyá sáré, tí ọkùnrin mẹ́tàlá mìíràn á sì máa dì mọ́ wọn, wọ́n á máa gbé wọn lulẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mò ń tún ṣe. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kì í bú èèyàn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe eré yìí, kò sẹ́ni tó bìkítà ibi tí apá ti bá ẹnìkejì. Ẹni tó bá dákú, wọ́n á da omi tútù sí i lórí, á dìde, á máa bá eré lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dákú tó ìgbà mẹ́jọ tí a mọ̀. Kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, èmi ni mò ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ láràárọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn á pè mí ní bàbá wa, ẹni tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Mo máa ń dáhùn.

Nítorí irú ẹ̀gbọ́n mi ni àwọn aláṣẹ eré ṣe sọ òfin tuntun kalẹ̀ lọ́dún yìí: ẹni tó bá fẹ́ di alátakò rẹ̀ mú, abíyá ni kí apá rẹ̀ mọ. Apá tó bá kọjá ibẹ̀ lọ sókè, káàdì pupa. Òfin Abíyá ni tẹrú-tọmọ ń pè é. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ní a ti sọ eré ọkùnrin di eré jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn ìyàwó wọn ní òfin náà ò tíì le tó. Àwọn òǹwòran ò mọ ilé àwọn tó ṣòfin, èmi tí ojú wọn tó ni wọ́n ń bú. Tí mo bá fọn fèrè, mo ti ba eré jẹ́. Tí n kò bá fọn ọ́n, apààyàn ni mí. Ọ̀rọ̀ náà wá di kò ṣe é bẹ̀rẹ̀, kò ṣe é nàró.

Òfin fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún rẹfirí tí ojú rẹ̀ kò bá tó ohun tó ṣẹlẹ̀. Á gbé apá méjèèjì dábùú ara wọn lókè orí, ìyẹn ni pé kò rí i dáadáa, kí ìgbìmọ̀ bá a wádìí. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tọ́ràn kàn ni ìgbìmọ̀ máa bi léèrè, títí kan agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá yọ káàdì, ó ti dájọ́ nìyẹn. Agbábọ́ọ̀lù ò ní lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹfirí nìkan ni wọn yóò gbé yẹ̀ wò.

Mo ti dábùú apá lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìdíje kan ṣoṣo. Kí n tó délé lọ́jọ́ náà, wọ́n ti sọ mí ní Baba N-Ò-Rí. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì gan-an fi kí mi, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra, n kò ní parọ́. Mo búra pé apá mi ò tún ní gòkè mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni ọ̀ràn dé. Nínú eré wa, nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé ẹni tó ni bọ́ọ̀lù lulẹ̀, àwọn alátakò gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn ní mítà mẹ́wàá, rẹfirí ló sì ń lé wọn. Iṣẹ́ ọ̀hún dà bíi kí èèyàn máa da ewúrẹ́ wọlé lójò. Ọ̀kan kọ̀, kò sún. Òun ni mò ń bá jà, ojú mi wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tí bọ́ọ̀lù tún gbéra. Mo gbọ́ ‘gbì’. Nígbà tí n ó fi yíjú, Tíṣà ti wà nílẹ̀, kò mira.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò ni Tíṣà. Ẹni tó dúró lé e lórí ni Òkúta, awakọ̀ tírélà, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Òkúta gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni pé ọlọ́pàá yọ ìbọn sí i. Gbogbo pápá ń hó yèè. Káàdì pupa ti wà lókè kí làákàyè mi tó débẹ̀. Òkúta ò jiyàn. Ó yọ rọ́bà tó fi ń bo eyín lẹ́nu rẹ̀, ó sì rìn jáde.

Káàdì pupa rẹ̀ kẹrin lọ́dún yìí nìyẹn. Tí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i, wọn yóò lé e fún ọdún kan gbáko. Ní ọjọ́ orí rẹ̀, ẹni tó bá lọ fún ọdún kan ti lọ nìyẹn. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà ní pápá, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló sì yà. Nítorí náà, ohun gbogbo wá kù sí ẹnu mi, bóyá mo rí i tàbí n kò rí i.

Alásíá tó máa ń bá mi ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. A ti jọ wà tipẹ́. Ó jókòó lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ oníbàárà láìtọrọ àyè.

“Rẹfirí kì í sọ pé òun ò rí,” ló wí. “Ṣé o fẹ́ kí gbogbo káàdì tá a ti ń yọ látọjọ́ yìí di yẹ̀yẹ́ ni? Ọrùn Tíṣà ni wọ́n so nǹkan mọ́ nílé ìwòsàn, kì í ṣe orúnkún. Ta ló tún lè ṣe é?”

Mo bi í bóyá òun rí i. Ó ní òdìkejì pápá lòun wà. Mo ní kó dìde lórí ẹ̀rọ oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára ju bó ṣe rò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, mo ń de bọ́tìnnì ẹ̀gbọ́n mi, mo ń rò ó pé tí irọ́ kan bá lè gba orí ẹlòmíràn là, ta ni yóò bi mí? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣe pẹ̀lẹ́, pé mo ti de bọ́tìnnì kan sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Òótọ́ ni.

Yàrá orí òkè kan ni ìgbìmọ̀ ti jókòó, àga rọ́bà, fáànù tó ń pariwo ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lọ. Ìyá tó ti ṣe olórí nọ́ọ̀sì rí tó sì ti fẹ̀yìn tì ni alága. Òkúta jókòó síbi ògiri, ẹnu rẹ̀ dí, bí òfin ṣe wí. Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ wà níwájú, kọ́là ilé ìwòsàn, funfun, le gbagidi, yí ọrùn Tíṣà ká. Wọ́n ṣe fídíò náà lẹ́ẹ̀meje. Lẹ́ẹ̀mejèèje, ẹ̀yìn ọkùnrin kan la rí.

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. “Rẹfirí, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ṣé ẹ rí apá ọkùnrin yìí lọ́rùn ọmọ yìí?”

Mo wo kọ́là náà. Irọ́ ọ̀hún ti wà lórí ahọ́n mi, ó kù kí n tu ú jáde. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tí mo fi ń gba èébú yìí, ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń sùn ni pé n kò fọn fèrè èké rí, àfi èyí.

“Rárá, mà,” ni mo wí. “N kò rí i.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Alága bi mí pé kí ló wá dé tí mo yọ káàdì. Mo ní ariwo ló kó mi láyà jẹ, àti pé n kò fẹ́ kí wọ́n tún fi mí ṣẹ̀sín.

Kò pẹ́ rárá. Wọ́n fagi lé káàdì náà, Òkúta á gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ní kí èmi fi fèrè sílẹ̀ títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè mí. Alága pa fáìlì dé, ó ní ẹjọ́ tí wọ́n bá ti dá, wọn kì í tún un dá. Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, ṣùgbọ́n tèmi tà lọ́jọ́ náà. Ara mi tiẹ̀ fúyẹ́ bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Òkúta ń dúró dè mí nísàlẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní kó dìde, ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ. Ó dìde, àmọ́ kò lọ. Ó ń fi ẹsẹ̀ kan fa ilẹ̀.

“Apá mi bá a lọ́rùn, sà,” ló wí. “Mo mọ̀ ọ́n lára. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ yẹn sì fẹ́ sá kọjá, mo kàn na ọwọ́ ni.”

Mo bi í ìdí tí kò fi sọ ọ́ lókè.

“Wọn ò bi mí, sà. Ẹ̀yin ni wọ́n bi.”

Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń yún mi. Kò sì pẹ́ tí ìbínú náà fi kúrò lórí rẹ̀, tó padà sórí mi. Ká ní mo gbé apá dábùú lókè orí lọ́jọ́ náà ni, wọn ì bá bi í. Ọkùnrin yìí ò lè purọ́, ẹ̀rí rèé níwájú mi. Orúkọ yẹ̀yẹ́ tí mo sá fún ló pa á lẹ́nu mọ́.

Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀, ìyàwó dì í lápá mú. Òkúta sáré ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Tíṣà ò lè yí ọrùn, nítorí náà gbogbo ara ló yí sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú,” ló wí. “Wọ́n ti ń fẹnu bà yín lórúkọ jẹ́ nítorí mi. Èmi ò tiẹ̀ rántí nǹkan kan nípa ọjọ́ yẹn.”

Ó tún ara yí, ó kọjú sí mi, ó ní ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́, sà.

Mo wo Òkúta, ó ń wo ilẹ̀. Mo ní kò tọ́pẹ́.