Nígbà Tí Ohùn Olútóyè Lọ

Olútóyè, ìyá Alice, ló máa ń ṣáájú àdúrà ní ìjọ wa ní àdúgbò Abobo, kí àrùn ọ̀fun tó gba ohùn rẹ̀. Ó rò pé Ọlọ́run kò ní gbọ́ òun mọ́. Georgette, aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, wá jókòó tì í, ó ní:

"Ìyá Alice, ẹ máa pe orúkọ Jésù nínú ọkàn yín. Bí ọkàn yín bá sá lọ sọ́jà, ẹ rọra pè é padà."

Níbẹ̀rẹ̀, ọkàn Olútóyè kò kúrò nídìí aṣọ tó ń tà ní ọjà Adjamé. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́, títí ìdákẹ́jẹ́ náà fi ń tù ú lára.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, pásítọ̀ ní kó ṣáájú àdúrà. Ó dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dákẹ́ ná."

A dákẹ́. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.